Ẹni Mọ Òfin Ayò Kò Tíì Mọ Òpin Ayò

  Ẹ̀yin òbí wa ní òkè òkun, ìtàn ìmọ̀ ìṣirò ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú-ìwé yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 4 ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ọmọ ọdún méje lè kọ́ òfin rẹ̀ tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Kò sí ohun tí ó pamọ́ nínú rẹ̀: ojú gbogbo ènìyàn ni ọmọ ayò wà, kò sì sí ẹni tí ó ń fi oríire ta á. Síbẹ̀, bàbá àgbà tí ó ti ń ta ayò láti àádọ́ta ọdún kò lè wo ọpọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sọ fún ọ ní ihò tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí. Ó mọ òfin, ṣùgbọ́n kò tíì mọ òpin.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mímọ òfin àti mímọ òpin yìí ni mo fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìdí tí ó fi jẹ mí lógún ni pé iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ìdílé ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, iṣẹ́ àwọn tí gbogbo wa ń pè ní sóṣà wọ́kà. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ohun tuntun kan ti ń wọ inú iṣẹ́ yìí ní àwọn ìlú òyìnbó. Ní agbègbè Allegheny ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí ìlú Pittsburgh wà, ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí ẹnìkan bá pe ìjọba lórí tẹlifóònù pé òun kò gba bí òbí kan ṣe ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yóò yẹ àwọn àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba nípa ìdílé náà wò, yóò sì fún un ní nọ́ńbà kan láti 1 dé 20, láti fi hàn bí ó ti rò pé ewu ọ̀la ṣe pọ̀ tó fún ọmọ náà. Òṣìṣẹ́ ni ó ṣì ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti wà níwájú rẹ̀ kí ó tó rí ojú ìyá tàbí ọmọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo òbí béèrè ni èyí: ibo ni agbára irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ parí sí?

Ìgbàgbọ́ pé ọ̀la ṣeé ṣírò ti pẹ́. Ní 1814, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tí ń jẹ́ Pierre-Simon Laplace kọ ìwé kan lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò wọn ohun tí kò dáni lójú. Ó ní bí ọpọlọ kan bá wà tí ó mọ ibi tí gbogbo ohun tí ń bẹ láyé wà ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sì mọ gbogbo agbára tí ń darí wọn, kò sí ohun tí yóò ṣókùnkùn sí i mọ́. Ọ̀la yóò hàn sí i kedere bí àná. Laplace mọ̀ pé ènìyàn kò lè ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àìtó ìmọ̀ wa nìkan ni ìdènà. Bí a bá kó àkọsílẹ̀ jọ tó, tí ẹ̀rọ wa sì yára tó, a óò rí ọ̀la.

Ẹnìkan tí ó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọsẹ̀ lára ìgbàgbọ́ yìí ni Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú-ọjọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ní 1961, ó ní ètò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ń ṣe àfarawé ojú-ọjọ́ pẹ̀lú òfin ìṣirò díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ tún apá kan wò. Dípò kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó mú nọ́ńbà láti àárín ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ padà sínú ẹ̀rọ, ó sì jáde lọ mu kọfí. Nígbà tí ó fi máa padà dé, ojú-ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń yà kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. 0.506127 ni ó wà nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n 0.506 ni ó wà lórí ìwé. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti sọ oòrùn di òjò. Ní 1963 ó tẹ ìwádìí náà jáde, ayé sì wá mọ̀ pé àṣìṣe bíńtín nínú ìbẹ̀rẹ̀ lè di òkè ńlá ní òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò yí padà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àṣìṣe ìwọ̀n ni ìyẹn. Bí a bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ńkọ́?” Ìdáhùn ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀ ní ọdún 25 ṣáájú Lorenz, òun gan-an ni ó sì jinlẹ̀ jù.

Ní 1928, David Hilbert, àgbà onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì, àti Wilhelm Ackermann béèrè bóyá ìlànà kan wà tí a lè máa tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, tí yóò sọ fún wa nípa gbólóhùn ìṣirò èyíkéyìí bóyá a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tàbí a kò lè ṣe é. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní Cambridge, Alan Turing, dáhùn ní 1936. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Láti dáhùn, ó ní láti ṣàpèjúwe ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò jẹ́, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kan láyé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Alonzo Church ti gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà ní ọdún yẹn.

Bí a ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lóde òní kò le. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnìkan ṣe ẹ̀rọ aríran kan, tí ó lè wo ètò kọ̀ǹpútà èyíkéyìí kí ó sì sọ, láìṣìnà, bóyá ètò náà yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí yóò máa yí láéláé. Ẹlòmíràn á wá kọ ètò alágídí kan. Ohun tí alágídí yìí kọ́kọ́ ṣe ni láti bi aríran pé, “Kí ni èmi yóò ṣe?” Bí aríran bá ní yóò dúró, alágídí á máa lọ láìdúró. Bí aríran bá ní yóò máa lọ, alágídí á dúró lójú ẹsẹ̀. Ohunkóhun tí aríran bá sọ, irọ́ ni yóò jẹ́. Nítorí náà, aríran tí kì í ṣìnà kò lè sí. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ ọdún 15 nínú ilé kò ní rẹ́rìn-ín nìkan sí ọ̀rọ̀ yìí. Yóò rí i pé òótọ́ ni.

Kí ẹ kíyèsí i pé kò sí àṣìṣe ìwọ̀n níbí. Òfin mọ́ kedere, ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò sọ òpin gbogbo wọn fún wa ṣáájú. Ní ti àwọn kan, ohun tí ó kù ni kí a bá wọn rìn kí a sì máa wò.

Bí ọ̀rọ̀ Turing bá dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, ẹ gbọ́ ti John Conway, tí òun náà wà ní Cambridge. Ní oṣù kẹwàá 1970, Martin Gardner gbé eré kan tí Conway ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific American. Ẹ fojú inú wo ìwé ìṣirò ọmọ ilé-ìwé, èyí tí ó kún fún àwọn ilé kéékèèké onígun mẹ́rin. Ilé kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́jọ. Àwọn ilé kan wà láàyè, ìyókù kú. Òfin rẹ̀ kò ju èyí lọ: ilé tí ó wà láàyè tí ó sì ní aládùúgbò alààyè 2 tàbí 3 á máa wà láàyè lọ, bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìdáwà á pa á, bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrò á pọ̀ jù fún un, á sì kú. Ilé òkú tí ó bá ní aládùúgbò alààyè 3 gan-an á jí. Ó tán.

Bí ẹ bá fi ilé alààyè mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan, wọn yóò kàn máa yí síwá sẹ́yìn ni. Bí ẹ bá fi mẹ́rin ṣe igun mẹ́rin, wọn kò ní mira. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí ó ní ilé márùn-ún péré, tí a bá sì tú u sílẹ̀, ó máa ń hù, ó máa ń fọ́ká, ó máa ń kú níhìn-ín, ó sì máa ń jí lọ́hùn-ún, títí di ìran 1,103 kí ó tó rọlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wo ilé márùn-ún yẹn kí ó sọ 1,103. Kí a máa kà á tẹ̀ lé ara wọn ni a fi mọ̀ ọ́n. Conway fúnra rẹ̀, ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òfin kalẹ̀, rò pé kò sí oríṣi kan tí yóò lè máa dàgbà láìlópin. Ó fi dọ́là 50 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi hàn pé òótọ́ ni tàbí pé irọ́ ni kí ọdún 1970 tó parí. Oṣù kọkànlá ni Bill Gosper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT rí èyí tí ń dàgbà láìdúró, wọ́n sì gba owó náà. Bàbá òfin kò mọ ohun tí òfin rẹ̀ yóò bí. Conway wà láàyè títí di oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 mú un lọ.

Ní àwọn ọdún 1980, Stephen Wolfram mú òfin tí ó tún rọrùn ju ti Conway lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń wo ara rẹ̀ àti aládùúgbò méjì péré. Bí ilé mẹ́ta bá lè jẹ́ dúdú tàbí funfun, ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n lè gbà tò. Bí a bá sì yan dúdú tàbí funfun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́jọ yìí, iye òfin tí ó lè wà jẹ́ 256. Etí yín kò ha ti gbọ́ nọ́ńbà yìí rí bí? Iye odù Ifá nìyẹn: ojú odù 16, àti ọmọ odù 240. Wolfram kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ babaláwo. Ipò mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè já sí ẹyọ kan tàbí méjì. Ìṣirò kan náà ni ó bí iye kan náà. Nínú òfin Wolfram, ọ̀pọ̀ ni ó ṣú ni lójú láti wò nítorí pé wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 30, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé dúdú kan ṣoṣo, ń ya àwòrán tí ó rí rúdurùdu débi pé ní 2019 Wolfram fi dọ́là 30,000 sílẹ̀ fún ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta nípa ìlà àárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni bóyá ọ̀nà àbùjá wà láti mọ ohun tí yóò kàn láìjẹ́ pé a kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti nọ́ńbà 110, Matthew Cook tẹ ẹ̀rí jáde ní 2004 pé ìṣirò yòówù tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, òfin kékeré yìí náà lè ṣe é. Ìdènà tí Turing rí ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Èmi kò pe ẹnikẹ́ni sí ẹ̀sìn kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gba ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi sínú òwe: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn tí wọ́n ní odù 256 lọ́wọ́ kò rò pé wíwò ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Wọ́n ń padà wá wò ó.

Ọpọ́n ayò náà ńkọ́? Wọ́n ti rí òpin ẹ̀yà rẹ̀ kan. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam mú awari, ìbátan ayò wa, wọ́n sì fi purosẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà 144 tí wọ́n so pọ̀ ṣírò gbogbo ipò tí ọpọ́n lè wà. Ipò náà jẹ́ 889,063,398,406. Èsì rẹ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe rí i: gbogbo ipò ni wọ́n yẹ̀ wò, ó ju bílíọ̀nù 889 lọ, fún ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Bí ohun tí ọmọ ọdún méje ń ta lábẹ́ igi bá gba èyí, kí ni ìgbé-ayé ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò gbà?

Ní ti ọmọ ènìyàn, a kò tilẹ̀ mọ òfin. A kò lè wọn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tán. Àti pé, bí ètò alágídí ti Turing, ọmọ ń gbọ́ ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀, ó sì lè ṣe òdìkejì rẹ̀. Àwọn kan ti dán èyí wò ní gbangba. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ìdílé tí ó lé ní 4,000, tí wọ́n bímọ ní ìlú ńlá láàárín 1998 sí 2000. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ tí ó lé ní oríṣi 12,000 jọ nípa ìdílé kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà ìbí títí ọmọ fi pé ọdún 9. Wọ́n wá pe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n fi sọ bí nǹkan yóò ṣe rí fún ọmọ náà àti ilé rẹ̀ ní ọdún 15: máàkì ilé-ìwé, ìṣẹ́ nínú ilé, kí onílé lé wọn jáde, àti àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ 160 ni iṣẹ́ wọn wọlé. Ní 2020, Matthew Salganik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì jáde. Bí 1 bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ tí ó pé, tí 0 sì jẹ́ pé kí a kàn fún gbogbo ọmọ ní nọ́ńbà agbedeméjì kan náà, èyí tí ó dára jù nípa máàkì kò ju nǹkan bí 0.2 lọ. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́n jù fi díẹ̀ péré borí ìṣirò kékeré tí ó lo kókó mẹ́rin.

Síbẹ̀, àwọn ìjọba ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ní England ní 2020, nígbà tí àrùn kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò A-level, àjọ Ofqual fi ìṣirò pín èsì. Ohun tí ilé-ìwé kan ti ṣe sẹ́yìn wà lára ohun tí wọ́n fi díwọ̀n ọmọ tí ó wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 èsì náà ni ó kéré sí ohun tí olùkọ́ fún wọn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí èsì jáde, ìjọba fà á padà. Ní Netherlands, ọ́fíìsì owó-orí lo ìṣirò láti yan àwọn òbí tí wọ́n rò pé wọ́n ń fi èrú gba owó ìtọ́jú ọmọ, àìjẹ́ ọmọ ìlú náà sì wà lára ohun tí ń gbé nọ́ńbà ewu sókè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé, àwọn àjòjì bíi tiwa pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n ní kí ó dá owó tí kò ṣeé san padà. Ilé tú, ìgbéyàwó tú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2021, ìjọba ìlú náà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Nọ́ńbà ní ìwúlò tirẹ̀. Ó lè sọ iye ọmọ tí yóò nílò ìrànlọ́wọ́ ní ìlú kan lọ́dún tí ń bọ̀, kí ìjọba lè gba òṣìṣẹ́ tí ó tó. Ohun tí kò lè sọ dájú ni pé Táyọ̀ ni yóò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí òbí tí ń fi ìyà jẹ ọmọ fi ọ̀rọ̀ mi bojú. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan bá gbé ìdájọ́ tí ẹ̀rọ ṣe síwájú yín, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi bọ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́, nítorí ẹ ti rí ohun tí ìyàtọ̀ bíńtín ṣe fún Lorenz. Ẹ béèrè ẹni tí ó ní àṣẹ láti yí i padà. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ tún máa tọ́jú ìwé tí ó ń sọ rere ọmọ yín, nítorí pé ohun tí ó burú ni ó sábà máa ń wà nínú fáìlì ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwa fúnra wa. Àwa náà ní ẹ̀rọ nínú ilé. A máa ń sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni ó ti ń jẹnu ṣámúṣámú, a sì ti fi máàkì ìṣirò ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ ọ́ di dókítà tàbí ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó ní ẹ̀dá kò láròpin. Òwe àkọ́kọ́ wúlò fún ẹni tí ń wẹ̀yìn wò lẹ́yìn tí ọmọ ti dàgbà. Ìkejì ni ti ẹni tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpọ́n ṣì wà nílẹ̀, ọmọ ayò ṣì kún inú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa bá a ta á.